Iná Nìkan Kọ́ Ló Ń Pa Ìwé

Ní èdè wa, orúkọ panápaná ti sọ iṣẹ́ wọn tán: iná ni wọ́n ń pa. Ẹ wá fojú inú wo ìlú kan níbi tí ọ̀rọ̀ ti dorí kodò. Bí agogo bá dún ní ọ́fíìsì panápaná níbẹ̀, kẹrosíìnì ni wọ́n ń gbé sọ́kọ̀, kì í ṣe omi. Ilé tí wọ́n bá gbọ́ pé ìwé wà ni wọ́n ń lọ. Wọ́n á tú gbogbo kọ̀rọ̀, wọ́n á kó ìwé náà jọ, wọ́n á sì dáná sun ún. Bí ilé bá bá a lọ, ìyẹn kò kàn wọ́n.

Ìlú yìí kò sí nínú máàpù. Inú ìwé Fahrenheit 451 ló wà, ìtàn àròsọ tí Ray Bradbury, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 1953. Guy Montag tí ìtàn náà dá lé lórí, panápaná lòun náà. Iṣẹ́ ọ̀hún dùn mọ́ ọn nínú gan-an, àfi ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jí díẹ̀ mú lára ohun tó yẹ kó sun, tó ń kó o pamọ́ sílé.

Irú ìtàn báyìí pọ̀ ní ọ̀rúndún tó kọjá. Òǹkọ̀wé á ya àwòrán ayé kan tó ti bàjẹ́ pátápátá, kí àwa tí tiwa kò tíì bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lè rí i ká tètè ṣọ́ra. Mẹ́ta tó gbajúmọ̀ nínú wọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: Fahrenheit 451 yìí, We tí Yevgeny Zamyatin ará Rọ́ṣíà kọ, àti 1984 tí George Orwell, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kọ. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kìlọ̀ fún wa nípa ohun tí àwọn alágbára lè fi ojú ọ̀rọ̀ àti ìwé rí. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ló padà rí irú ohun tí wọ́n kìlọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọ̀kan, wọ́n gé ọ̀kan lára, wọ́n sì pa ọ̀kan rẹ́ mọ́ àwọn tó fowó rà á lọ́wọ́. Bí a bá tẹ̀lé ìtàn wọn, a máa rí i pé nínú gbogbo ohun tó ń pa ìwé, iná ló rọrùn jù láti dá mọ̀. Ó kéré tán, ó ń yọ èéfín.

Iná Berlin

Ẹ jẹ́ ká ti ibi iná náà bẹ̀rẹ̀, nítorí Bradbury kò lá àlá rẹ̀ lásán. Ní alẹ́ ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 1933, wọ́n kó ìwé jọ bí òkìtì sí gbàgede Opernplatz ní Berlin, olú ìlú Jámánì, wọ́n sì ṣáná sí i. Ìwé tó jóná níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn lé ní 20,000. Ta ló dáná ọ̀hún? Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni. Kì í ṣe àwọn tí kò mọ̀wé kà o. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣètò ẹ̀, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan sì bá wọn débẹ̀. Joseph Goebbels, mínísítà tó ń rí sí ìpolongo fún Hitler, wá bá wọn sọ̀rọ̀. Òun alára gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ lítíréṣọ̀. Irú iná bẹ́ẹ̀ sì jó ní àwọn ìlú yunifásítì mìíràn káàkiri Jámánì.

Ìwé Karl Marx wà níbẹ̀, ti Sigmund Freud wà níbẹ̀, ti Erich Maria Remarque tó kọ̀wé nípa ìyà tí ọmọ ogun jẹ lójú ogun wà níbẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ sun ti Helen Keller, obìnrin Amẹ́ríkà tí kò ríran, tí kò sì gbọ́ràn. Erich Kästner, tí ọ̀pọ̀ ọmọdé mọ̀ nítorí ìwé rẹ̀ Emil and the Detectives, dúró láàárín èrò ní Berlin, ó ń fojú ara rẹ̀ wo bí wọ́n ṣe ń sọ ìwé tirẹ̀ náà sínú iná.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Nígbà tó pé ọdún kan géérégé, ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún 1934, àwọn òǹkọ̀wé Jámánì tó ti sá lọ sí Paris ṣí ilé ìkàwé kan síbẹ̀. Àwọn ìwé tí wọ́n sun ní Jámánì ni wọ́n kó síbẹ̀. Báwo ni ìwé tó ti jóná ṣe tún wà? Nítorí pé ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ní ilẹ̀ mìíràn, níbi tí ọwọ́ Goebbels kò tíì tó nígbà náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi kókó yìí sọ́kàn, a ṣì máa padà sí i. Ní ti Berlin, orúkọ gbàgede náà ti yí padà sí Bebelplatz báyìí. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ ó rí gíláàsì kan nílẹ̀. Bí ẹ bá bẹ̀ ẹ́ wò, yàrá funfun kan ló wà nísàlẹ̀, tó kún fún pẹpẹ ìwé. Àyè ìwé 20,000 ló wà lórí àwọn pẹpẹ náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ ìwé kan níbẹ̀.

Ọmọ ọdún 12 ni Bradbury nígbà tí iná yẹn jó. Ilé ìkàwé ni ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀. Kò lọ sí yunifásítì, kò sówó, ṣùgbọ́n fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ilé-ìwé girama, ó ń lọ sí ilé ìkàwé ìjọba léraléra lọ́sẹ̀ títí ó fi sọ pé òun ti gboyè jáde níbẹ̀. Ilé ìkàwé náà ló ti kọ ìtàn tí Fahrenheit 451 ti hù jáde. Ní yunifásítì UCLA ní Los Angeles, yàrá kan wà ní ìsàlẹ̀ ilé ìkàwé Powell tí wọ́n to táípùráítà sí. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó á fi sẹ́ǹtì mẹ́wàá sí i, á sì lò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Bradbury fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Dọ́là mẹ́sàn-án àti ọgọ́rin sẹ́ǹtì ló ná an. Bí ẹ bá ṣírò ẹ̀, wákàtí 49 nìyẹn. Nígbà mìíràn, ó máa ń sáré gòkè lọ sáàárín àwọn pẹpẹ, á fa ìwé yọ, á wá ohun tó fẹ́ lò, á tún sáré padà sí ìdí táípùráítà kí owó rẹ̀ má baà jó dànù. Ìwé nípa jíjó ìwé, àárín ìwé ni wọ́n ti kọ ọ́. Ìtàn kékeré náà, The Fireman, jáde nínú ìwé ìròyìn Galaxy ní oṣù Kejì ọdún 1951, kó tó wá fẹ̀ ẹ́ lójú.

Ìgbà yẹn kò dára fún ìwé ní Amẹ́ríkà pàápàá. Àkókò Sẹ́nétọ̀ Joseph McCarthy ni, tí wọ́n ń wá kọ́múníìsì kiri bí ẹni ń wá àjẹ́. Ní 1953, méjì nínú àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ rìnrìn àjò yíká Yúróòpù, wọ́n ń yẹ àwọn ilé ìkàwé tí Amẹ́ríkà ní síbẹ̀ wò. Wọ́n kó ìwé kúrò lórí pẹpẹ, wọ́n sì sun díẹ̀ nínú ẹ̀. Ààrẹ Eisenhower fúnra rẹ̀ ní láti dìde ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ní ilé ẹ̀kọ́ Dartmouth, láti kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n má bá àwọn asunwé kẹ́gbẹ́. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn ni ìwé Bradbury jáde.

Àlùmọ́gàjí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá gbọ́ orúkọ Fahrenheit 451 ló rò pé ìjọba burúkú kan ló ṣàdédé jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tó ní kí wọ́n máa sun ìwé. Kì í ṣe ohun tó wà nínú ìwé náà nìyẹn. Beatty, ọ̀gá Montag, jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí ara rẹ̀ kò yá, ó sì ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Aráàlú ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kì í ṣe ìjọba. Ẹgbẹ́ kan á ní ìwé yìí bú àwọn, wọ́n á gé ibẹ̀ kúrò. Ẹgbẹ́ mìíràn á ní tọ̀hún kò dùn mọ́ àwọn, wọ́n á gé tìyẹn náà. Wọ́n ń ké ìwé kúrú sí i kí ó lè yá kà, títí tí ìwé ńlá fi di ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì. Nígbà tó yá, àwọn ènìyàn kọjú sí tẹlifíṣọ̀n tó tóbi tó ògiri, wọn ò ka nǹkan kan mọ́. Ìgbà tí kò sẹ́ni tó ń kà á mọ́ ni wọ́n wá rán panápaná. Iná ló kẹ́yìn. Àlùmọ́gàjí ló ṣáájú.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní 1967, Ballantine, iléeṣẹ́ tó tẹ ìwé náà jáde, ṣe ẹ̀dà kan fún àwọn ilé-ìwé girama. Àwọn olóòtú wọn rọra mú àlùmọ́gàjí. Ọ̀rọ̀ èébú kúrò. Ọ̀rọ̀ nípa oyún ṣíṣẹ́ kúrò. Ọkùnrin kan tó mutí yó nínú ìtàn náà di aláìsàn. Ẹni tó ń nu ìdọ̀tí inú ìdodo di ẹni tó ń nu etí. Ibi tí wọ́n fọwọ́ kàn lé ní 75. Wọn ò sì kọ ọ́ síbì kankan nínú ìwé náà pé àwọn ti yí nǹkan padà. Fún ọdún mélòó kan, ẹ̀dà méjèèjì jọ wà lọ́jà. Ṣùgbọ́n láti 1973, ẹ̀dà gígé nìkan ni wọ́n ń tẹ̀, tí àgbà àti ọmọdé ń rà á, tí wọ́n rò pé odidi ni.

1979 ni Bradbury tó gbọ́. Ọdún 12 ni wọ́n ti ń ta ìwé rẹ̀ ní gígé, òun tó kọ ọ́ kò mọ̀. Inú bí i gidigidi. Ó ní kí wọ́n dá gbogbo ọ̀rọ̀ òun padà, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún kọ ọ̀rọ̀ ìparí tuntun sẹ́yìn ìwé náà láti sọ fún ayé pé ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà sun ìwé ju ẹyọ kan lọ.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára ni pé kò sí ọ̀tá nínú ẹ̀. Àwọn olóòtú yẹn kì í ṣe ọmọlẹ́yìn Hitler. Bóyá wọ́n tiẹ̀ fẹ́ràn ìwé náà, tí wọ́n kàn fẹ́ kó wọ ilé-ìwé láìsí wàhálà pẹ̀lú àwọn òbí. Ọwọ́ pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi pa á lára. Ẹni tí wọ́n sun ìwé rẹ̀ mọ̀ pé wọ́n sun ún, ó lè ké. Ẹni tí wọ́n gé ìwé mọ́ lọ́wọ́ kò mọ̀ pé nǹkan kan sọnù.

Ìlẹ̀kùn títì

Zamyatin tó kọ We, ẹnjiníà ọkọ̀ ojú omi ni. Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ìjọba Rọ́ṣíà rán an lọ sí Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti bójú tó bí wọ́n ṣe ń kan ọkọ̀ tó ń la yìnyín fún wọn. Ẹnjiníà náà ló fi ṣe ẹni tó ń sọ ìtàn nínú ìwé rẹ̀, ìwé tó kọ ní nǹkan bí 1920 sí 1921. Ní ìlú tó júwe, ènìyàn kò ní orúkọ, nọ́ńbà ni wọ́n ń jẹ́. Gíláàsì ni ògiri ilé wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ibi fara pamọ́ sí. Àwa tí a ń jẹun nídìí kọ̀ǹpútà, tí a mọ bó ṣe rọrùn tó láti sọ ènìyàn di nọ́ńbà nínú táblì kan, kò yẹ ká ka ìwé yẹn ká sùn dáadáa.

Àwọn aláṣẹ Sófíẹ̀tì kò jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kò síná, kò sí àlùmọ́gàjí, wọ́n kàn tìlẹ̀kùn ni. Ní 1924, ìwé náà jáde ní New York, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ rò ó wò: òǹkọ̀wé tó kọ̀wé ní èdè Rọ́ṣíà, àwọn tí kò gbọ́ èdè Rọ́ṣíà ló kọ́kọ́ kà á. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fojú rẹ̀ gbolẹ̀ nílé. Ní 1931, ó kọ lẹ́tà sí Stalin fúnra rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ, nítorí fún òǹkọ̀wé, kí wọ́n má jẹ́ kó kọ nǹkan kan mọ́, ikú ni. Wọ́n gbà fún un. Ó kú sí Paris ní 1937. Ọdún 1988 ni wọ́n tó tẹ We jáde ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ìlú yẹn kan náà ló kọ́ wa ní bí ìwé ṣe lè yè é. Ní àwọn ọdún tí ẹ̀rù Stalin bo gbogbo ilẹ̀, wọ́n mú ọmọkùnrin akéwì Anna Akhmatova lọ sẹ́wọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ewì nípa àwọn ìyá tó ń tò síwájú ẹ̀wọ̀n ní Leningrad. Kò jẹ́ fi bébà náà sílé. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Lydia Chukovskaya bá wá kí i, á kọ ìlà díẹ̀ sórí bébà, á nawọ́ ẹ̀ sí i láìfọhùn, nítorí ògiri létí. Ọ̀rẹ́ á kà á títí á fi mọ́ ọn lórí. Lẹ́yìn náà, Akhmatova á ṣáná sí bébà ọ̀hún, á jẹ́ kó jóná nínú àwo tí wọ́n ń gbọn eérú sìgá sí. Ewì náà, Requiem, wà nínú orí àwọn ènìyàn díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di títẹ̀ jáde ní Jámánì ní 1963. Iná kan náà tó jó ìwé ní Berlin, òun ló ń dáàbò bo ewì yìí.

Bí Fahrenheit 451 ṣe parí nìyẹn gan-an. Montag sá kúrò nílùú, ó bá àwọn arìnrìnkiri kan lẹ́bàá ojú irin tó ti di àpatì. Olúkúlùkù wọn ti há ìwé kan sórí, wọ́n ti di ìwé náà. Fún òǹkàwé òyìnbó, ìyẹn lè jọ àlá. Fún àwa ọmọ Yorùbá, kò ṣàjèjì rárá. Odù Ifá 256, pẹ̀lú àwọn ẹsẹ tó wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, orí babaláwo ni wọ́n ń gbé kó tó di pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sílẹ̀. Kì í sì í ṣe orí babaláwo kan ṣoṣo. Ọ̀gá kọ́ ọmọ awo, ọmọ awo dọ̀gá, ó kọ́ tirẹ̀. Ibi tí agbára ẹ̀ wà nìyẹn: bí awo kan bá kú ní Ọ̀yọ́, òmíràn ṣì ń kì í ní Iléṣà.

Bọ́tìnnì

Ó ku ìwé kẹta. Orwell mọ ìdí iṣẹ́ yìí láti inú. Láàárín 1941 sí 1943, ó ṣiṣẹ́ ní BBC, ó ń ṣe ètò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí Íńdíà, àwọn tó ń yẹ ọ̀rọ̀ wò lásìkò ogun sì ní láti fọwọ́ sí ohun tí wọ́n bá máa kà. Ìyàwó rẹ̀, Eileen, ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìjọba tó ń ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ní London. Nígbà tó wá kọ 1984, tó jáde ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 1949, ó fi Winston Smith sí ìdí irú tábìlì bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ Òtítọ́ ni wọ́n ń pe ibi iṣẹ́ ẹ̀, irọ́ ni wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Bí ìjọba bá yí ọ̀rọ̀ padà lónìí, Winston á wá ìwé ìròyìn àná jáde, á tún un kọ kó lè bá tòní mu. Èyí tó jẹ́ òótọ́, inú ihò kan lára ògiri ni wọ́n ń jù ú sí, á sì gba ibẹ̀ bọ́ sínú iná ìléru.

Ní oṣù Keje ọdún 2009, àwọn kan ní Amẹ́ríkà ṣí Kindle wọn, ẹ̀rọ tí Amazon ṣe fún kíka ìwé, wọ́n wá 1984 tì. Wọ́n ti rà á, wọ́n ti san owó. Ó ti lọ. Ohun tó fà á kì í ṣe òṣèlú. Iléeṣẹ́ tó gbé ẹ̀dà yẹn sórí àtẹ kò ní ẹ̀tọ́ láti tà á ní Amẹ́ríkà. Amazon wá pa á rẹ́ lórí ẹ̀rọ àwọn tó rà á, òun àti Animal Farm tí Orwell kọ, wọ́n sì dá owó wọn padà. Akẹ́kọ̀ọ́ girama kan ní Michigan ti ń kọ àkọsílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà fún iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀. Ìwé lọ, àkọsílẹ̀ ẹ̀ di ohun tí kò wúlò mọ́. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù, Amazon gbà láti san 150,000 dọ́là. Jeff Bezos, ọ̀gá wọn, bẹ̀bẹ̀ ní gbangba, ó ní ìwà òmùgọ̀ ni.

Mo gbà pé ó ronú pìwà dà. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń fi kíkọ sọ́fíwíà jẹun, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ni mò ń wò, bọ́tìnnì ni. Kí wọ́n tó lè pa ìwé rẹ́ lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnì kan ti jókòó kọ kóòdù tó ń ṣe é. Wọ́n dán an wò, ó ṣiṣẹ́, wọ́n fi sílẹ̀ síbẹ̀ de ọjọ́ tí wọ́n máa nílò ẹ̀. Goebbels nílò akẹ́kọ̀ọ́, ọkọ̀ ẹrù, epo àti odidi alẹ́ kan, síbẹ̀ ẹ̀dà ṣì ṣẹ́kù ní Paris. Bọ́tìnnì kò nílò èrò, kò sì ní eérú.

Lọ́wọ́ ta ni ìwé wa wà?

Bí a bá to ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Ìwé tó yè, ó yè nítorí pé ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ẹnì kan kò lè pàṣẹ fún lẹ́ẹ̀kan náà. We yè nítorí New York. Àwọn ìwé Berlin yè nítorí àwọn tó ní ẹ̀dà níta. Requiem yè nítorí orí àwọn ọ̀rẹ́. Ó ṣeé ṣe láti dá Fahrenheit 451 padà sípò nítorí pé odidi ẹ̀dà rẹ̀ àtijọ́ ṣì wà níbi tí wọ́n ti lè fi wé ti tuntun. Nídìí iṣẹ́ tiwa, a máa ń sọ fún ọmọṣẹ́ tuntun pé ohun tó bá wà níbì kan ṣoṣo, kó kà á sí ohun tó ti sọnù. Àwọn baba wa sọ ọ́ kó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: igi kan kò lè dá igbó ṣe.

Mo ń ronú nípa àwọn ìwé Yorùbá tí ilé ìtẹ̀wé ti dẹ́kun títẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, tí ẹ̀dà kan wà nínú àpótí bàbá àgbà kan, tí ikán sì wà nínú àpótí náà pẹ̀lú. Mo ń ronú nípa ewì àti àròkọ tí à ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, tó jẹ́ pé sáfà ẹnì kan ni gbogbo rẹ̀ wà, ọjọ́ tí kò bá rówó sáfà san mọ́, ó parí. Kò sí panápaná tó ń bọ̀ wá sun wọ́n. Kò tiẹ̀ nílò kó wá. Beatty ti sọ fún wa pé ìwé tí kò sẹ́ni tó ń kà, iṣẹ́ ti tán lórí ẹ̀ kí iná tó dé.

Nítorí náà, èyí tí ẹ bá fẹ́ràn nínú ohun tí ẹ ti kà, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ síbi tó ju ẹyọ kan lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ẹ yá ẹlòmíràn, kódà bí kò bá dá a padà. Bí ó bá sì kúrú tó bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́ ọmọ yín títí á fi mọ́ ọn lórí. Ibẹ̀ nìkan ni kò sí bọ́tìnnì.